Gbígbé Búsítà Bíréèkì Ọkọ̀ Mìíràn Sórí Ọkọ̀ Àtijọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ni kò ní búsítà bíréèkì, ohun tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì, rárá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Àwọn mìíràn ní in, àmọ́ tiwọn ti bàjẹ́, irú rẹ̀ kò sì sí lọ́jà mọ́. Ohun tó sábà máa ń wá sọ́kàn ẹni tó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé kóun tú búsítà lára ọkọ̀ tó dé lẹ́yìn tirẹ̀, kóun sì dè é mọ́ tòun. Ó ṣeé ṣe, àwọn èèyàn sì ń ṣe é tó ń dára. Ṣùgbọ́n búsítà kì í dá iṣẹ́ ṣe. Pẹ́dà, másítà (ibi tí písítìnnì ti ń ti ọ́ìlì bíréèkì sínú páìpù), ẹ́ńjìnnì àti bíréèkì tó wà lẹ́sẹ̀ táyà ni wọ́n jọ ń ṣe é. Ẹni tó bá pààrọ̀ ọ̀kan láìwo ìyókù lè ní ọkọ̀ tó ń dúró dáadáa nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tí kò sì ní dúró lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá kú lójú ọ̀nà. Nítorí ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ṣe kọ àwọn ìdáhùn yìí.

Kí ni búsítà ń ṣe nínú ọkọ̀?

Agolo irin ńlá ni, dáyáfíràmù rọ́bà sì pín inú rẹ̀ sí yàrá méjì. Nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí pẹ́dà, ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá méjèèjì jáde. Ìfàmu yìí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fákúùmù. Bí ẹ bá ti fi ẹsẹ̀ kan pẹ́dà, fáàfù kékeré kan á dí ọ̀nà fákúùmù sí yàrá ẹ̀yìn, á sì ṣílẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́ ìta kó wọlé síbẹ̀. Yàrá iwájú ṣófo, ti ẹ̀yìn kún, afẹ́fẹ́ á wá ti dáyáfíràmù síwájú. Ọ̀pá tó wà níwájú rẹ̀ ló ń ti písítìnnì inú másítà, tí ọ́ìlì bíréèkì fi ń sáré lọ sẹ́sẹ̀ táyà. Albert Dewandre, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ló gbé búsítà onífákúùmù jáde lọ́dún 1927, ọ̀nà tó gbé e gbà náà la ṣì ń lò.

Ẹsẹ̀ yín ni búsítà ń bá dín iṣẹ́ kù. Kò lè mú ọkọ̀ dúró ju bí táyà ṣe lè di ilẹ̀ mú lọ.

Ṣé ọkọ̀ mi tilẹ̀ nílò rẹ̀?

Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ fúyẹ́fúyẹ́ tó ní dúrọ́ọ̀mù (bíréèkì bí ìlù, tí bàtà inú rẹ̀ ń tẹ ara rẹ̀ láti inú) níwájú àti lẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kó má nílò rẹ̀. Bí dúrọ́ọ̀mù ṣe ń yí ló ń fa bàtà bíréèkì mọ́ra, ìyẹn ni pé ó ti ní ìrànlọ́wọ́ tirẹ̀ nínú. Bí ẹ bá wá fi búsítà ńlá kún un, táyà á máa há ní ìfọwọ́kàn díẹ̀, pàápàá tí ojú ọ̀nà bá tutù. Dísìkì (irin pẹlẹbẹ tí kálípà ń fi páádì fún mọ́ra lápá méjèèjì) kò ní irú ìrànlọ́wọ́ yẹn. Agbára tí ẹ bá fi tẹ̀ ẹ́ náà ló máa fi ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá yí dúrọ́ọ̀mù iwájú padà sí dísìkì fi máa ń rí i pé pẹ́dà le bí òkúta.

Àmọ́ bí pẹ́dà ọkọ̀ yín bá rọ̀ tẹ́lẹ̀, tó wá le nísinsìnyí, ẹ má tíì wá búsítà. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹsẹ̀ táyà wò: písítìnnì tó ti dípẹtà nínú kálípà, páádì tí ojú rẹ̀ ti ń dán, bàtà tí ọ́ìlì ti kàn, họ́ọ̀sì rọ́bà tó ti wú nínú. Búsítà tuntun á kàn bo àìsàn wọ̀nyí mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀ ni. Bí ẹ bá sì ń tú bíréèkì ọkọ̀ àtijọ́, ẹ má fẹ́ eruku rẹ̀ lẹ́nu tàbí kí ẹ fi pọ́ọ̀mpù afẹ́fẹ́ gbá a. Púpọ̀ nínú bàtà ayé ìgbà yẹn ní asbestos nínú, tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Omi ni kí ẹ fi rin ín, kí ẹ sì nù ún.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ wọ̀n kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá búsítà kiri?

Nǹkan mẹ́rin. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, kí ẹ mú ìwé náà dání tí ẹ bá ń lọ wo búsítà.

Àkọ́kọ́ ni ìlọ́po pẹ́dà. Ẹ wọ̀n láti ojú ibi tí pẹ́dà ti ń yí lókè dé àárín ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ẹ tún wọ̀n láti ojú ibi tó ti ń yí yẹn dé ihò tí ọ̀pá so mọ́ lára pẹ́dà. Ẹ fi èyí tó kéré pín èyí tó pọ̀. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 300 mìlímítà, tí èkejì sì jẹ́ 50, ìlọ́po yín jẹ́ 6. Ọkọ̀ tí kò ní búsítà sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 6, èyí tó ní búsítà a máa wà ní nǹkan bíi 4. Ilé iṣẹ́ mìíràn tilẹ̀ lu ihò méjì sára pẹ́dà kan náà: èyí tó wà lókè, tó sún mọ́ ojú ìyí, wà fún ọkọ̀ tí kò ní búsítà, ti ìsàlẹ̀ sì wà fún èyí tó ní in. Ẹ fi iná wo pẹ́dà yín dáadáa kí ẹ tó lu ihò tuntun, ó lè ti wà níbẹ̀.

Èkejì ni fífẹ̀ ihò inú másítà. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sára irin rẹ̀, bíi 3/4, 7/8 tàbí 1 íǹṣì, tàbí 19.05, 22.2, 25.4 mìlímítà.

Ẹ̀kẹta ni fákúùmù ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi géèjì sí ara ìwọlé ẹ́ńjìnnì (ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú rẹ̀) nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tó sì ń rọra ṣiṣẹ́ lórí ìdúró. Ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ dá máa ń fi nǹkan bíi 18 sí 22 íǹṣì mákúrì (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn fákúùmù) hàn.

Ẹ̀kẹrin ni àyè. Ẹ wọ̀n láti ògiri irin tó wà láàrin ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀ títí dé ohun tó bá kọ́kọ́ wà níwájú rẹ̀, ẹ wo ọ̀pá sítíárìn, ideri ẹ́ńjìnnì àti ibi tí páìpù èéfín gbóná gbà. Ẹ rántí pé ẹ́ńjìnnì máa ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́tù, nítorí náà ẹ fi àyè sílẹ̀. Agolo tí ẹ fi páálí gé, tí fífẹ̀ rẹ̀ bá ti búsítà mu, á sọ òtítọ́ fún yín kí ẹ tó náwó.

Kí ló burú bí mo bá kàn de búsítà mọ́ ọn, tí mo fi pẹ́dà àti másítà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹsẹ̀ yín tẹ pẹ́dà pẹ̀lú agbára 30 kílò. Ìlọ́po pẹ́dà jẹ́ 6, nítorí náà ohun tó dé másítà jẹ́ 180 kílò. Ihò másítà 22.2 mìlímítà ní ojú tó tó 3.87 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin. Bí a bá pín in, ọ́ìlì inú páìpù á ní nǹkan bíi 46 bar (òṣùwọ̀n agbára tí ọ́ìlì fi ń ti nǹkan). Bí ọkọ̀ náà ṣe wà látijọ́ nìyẹn.

Ẹ wá de búsítà tó ń sọ agbára di ìlọ́po mẹ́ta mọ́ ọn láìyí nǹkan kan padà: 30 ní ìlọ́po 6, ní ìlọ́po 3, jẹ́ 540 kílò, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 140 bar. Ẹsẹ̀ tí ẹ rò pé ẹ rọra gbé lé e ti mú táyà há.

Ọ̀pọ̀ èèyàn wá ṣe ohun tó tọ́ lójú: wọ́n sọ ìlọ́po pẹ́dà di 4, wọ́n sì fi másítà tó fẹ̀ sí i, 25.4 mìlímítà, síbẹ̀. Ojú ihò rẹ̀ jẹ́ 5.07. Agbára wá di 360 kílò, ọ́ìlì sì jẹ́ nǹkan bíi 71 bar. Ó dára, pẹ́dà rọ̀, kì í sì í rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ jẹ́ kí fákúùmù tán: 30 ní ìlọ́po 4 jẹ́ 120 kílò, ẹ pín in fún 5.07, ó ku 24 bar. Ìdajì ohun tí ọkọ̀ yẹn ní kí ẹ tó fọwọ́ kàn án ni. Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ kó sì dúró.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n má fẹ másítà ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ìlọ́po pẹ́dà bá ti di 4, ẹ gbìyànjú kí ẹ fi 22.2 tàbí èyí tó lé díẹ̀ sí i, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá pẹ́dà ò rìn jìnnà jù. Ihò tó kéré ń fúnni ní agbára, ó sì ń gba ìrìn pẹ́dà púpọ̀. Èyí tó fẹ̀ ń dín ìrìn kù, ó sì ń gba agbára lọ́wọ́ ẹsẹ̀. Kò sí èyí tó ń fúnni ní méjèèjì.

Búsítà oní-íǹṣì mélòó ni kí n wá?

Iye íǹṣì tí wọ́n ń pè ni fífẹ̀ dáyáfíràmù. Bí fákúùmù bá jẹ́ 20 íǹṣì mákúrì, ìrànlọ́wọ́ tó pọ̀ jù tí dáyáfíràmù kan lè ṣe báyìí ni: 7 íǹṣì, nǹkan bíi 170 kílò, 8 íǹṣì, bíi 220, 9 íǹṣì, bíi 280, 10 íǹṣì, bíi 350. Ní ìṣe, ó máa ń dín díẹ̀ nítorí sípíríǹgì inú rẹ̀. Nínú ìṣirò òkè yẹn, 120 kílò ló wọlé, 360 ló jáde, nítorí náà búsítà ló fi 240 kún un. Oní-8 íǹṣì á ti dé òpin agbára rẹ̀ kó tó débẹ̀. Lẹ́yìn òpin yẹn, ẹsẹ̀ yín nìkan ló ń ṣiṣẹ́, pẹ́dà á sì le lójijì. Oní-9 á ṣe é.

Bí àyè bá há, ẹ wá èyí tó ní dáyáfíràmù méjì tẹ̀lé ara wọn. Oní-7 íǹṣì alápopọ̀ máa ń sún mọ́ agbára oní-10 kan ṣoṣo, àmọ́ ó gùn ju ìyẹn lọ, nítorí náà ohun tí ẹ rí gbà ní fífẹ̀, ẹ ó san án ní gígùn.

Fákúùmù ẹ́ńjìnnì mi kò tó. Ńkọ́ báyìí?

Bí kamṣáfùtù rẹ̀ (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì) bá jẹ́ ti eré sísá, fákúùmù lè má ju 10 íǹṣì mákúrì lọ lórí ìdúró. Agbára búsítà á sì di ìdajì àwọn iye tí mo kọ sókè. Ibi gíga náà ń dín in kù: nǹkan bíi íǹṣì kan ló ń lọ fún 300 mítà tí ẹ bá gòkè.

Táńkì fákúùmù kékeré máa ń ran èèyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìpamọ́ lásán ni. Kò lè ju ohun tí ẹ́ńjìnnì bá fà sínú rẹ̀ lọ. Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni pọ́ọ̀mpù fákúùmù oníná tó ní ìtanná aládàáṣiṣẹ́, tó ń tàn nígbà tí fákúùmù bá rẹlẹ̀ tó sì ń kú nígbà tó bá tó. Ẹ́ńjìnnì dísù kì í ní fákúùmù tirẹ̀ nítorí kò ní pẹpẹ tó ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́, pọ́ọ̀mpù ló máa ń lò láti ilé iṣẹ́.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ rí i dájú pé kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló ń ṣàìsàn. Gáskẹ́ẹ̀tì ìwọlé tó ń jò, tàbí iná ẹ́ńjìnnì tí àkókò rẹ̀ kò bára mu, lè jẹ fákúùmù tó pọ̀.

Ṣé kí n lo másítà tó bá búsítà yẹn wá, àbí kí n dá tèmi padà síbẹ̀?

Bí búsítà àti másítà bá ti jọ ń gbé láti ilé iṣẹ́, mo fẹ́ràn kí wọ́n jọ lọ, nítorí ọ̀pá tó wà láàrin wọn ti bára mu. Ẹ kàn wo nǹkan wọ̀nyí kí ẹ tó gbà.

Ṣé onílà méjì ni? Ọkọ̀ àtijọ́ púpọ̀ ní másítà onílà kan, bí páìpù kan bá bẹ́, gbogbo bíréèkì ló lọ. Amẹ́ríkà sọ ọ́ di òfin láti ọdún 1968 pé kí ọkọ̀ tuntun ní ìlà méjì. Bí ẹ bá ń tú ọkọ̀ yín nítorí búsítà, ẹ má kó o jọ padà pẹ̀lú ìlà kan. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, èyí ni mo gbà pé ó tọ́ jù kí ẹ náwó sí, ó tilẹ̀ ṣáájú búsítà fúnra rẹ̀.

Ṣé irú bíréèkì tó ń bọ́ bára mu pẹ̀lú tiyín? Másítà tó wà fún dúrọ́ọ̀mù lè ní fáàfù nínú tó ń di agbára ọ́ìlì díẹ̀, nǹkan bíi 10 psi, mú nínú páìpù kí bàtà má bàa sún jìnnà. Bí ẹ bá so ìyẹn mọ́ dísìkì, páádì á máa fara nu dísìkì títí á fi gbóná. Bákan náà, dísìkì ń jẹ ọ́ìlì púpọ̀ bí páádì ṣe ń tín-ín-rín, nítorí náà agolo ọ́ìlì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi.

Ojú páìpù ńkọ́? Ibi yìí lewu. Okùn (ìlà ìyí tó wà lára ìsopọ̀ páìpù) M10×1 àti 3/8-24 jọra débi pé ọ̀kan á wọ inú èkejì fún ìyí díẹ̀, á sì dà bíi pé ó ti mú. Kò mú. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tẹ bíréèkì tagbáratagbára ló máa fà tu. Ẹ fi géèjì okùn wọ̀n wọ́n, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú. Orí páìpù náà yàtọ̀: àwọn kan ń ká a lẹ́ẹ̀mejì ní ìdá 45 dígírì, àwọn kan ń ṣe é róbótó. Orí tí kò bá ibùsùn rẹ̀ mu á máa jò. Páìpù kópà tí wọ́n pò mọ́ níkẹ́ẹ̀lì rọrùn láti tẹ̀, kì í sì í dípẹtà. Òun ni mo máa ń yàn. Ẹ má ṣe fi ìsopọ̀ alátẹ̀mọ́ra tí wọ́n ń fi sí páìpù omi so páìpù bíréèkì láé.

Báwo ni mo ṣe máa dè é mọ́ ògiri irin nígbà tí ihò wọn kò bára mu?

Ẹ ṣe pẹpẹ irin sáàárín wọn. Irin tó nípọn 5 tàbí 6 mìlímítà máa ń tó, tí ihò búsítà wà lára rẹ̀, tí ihò ọkọ̀ náà wà lára rẹ̀. Bí ògiri ọkọ̀ yín bá tín-ín-rín, ẹ fi pẹpẹ mìíràn sí inú, lápá pẹ́dà, kí ẹrù náà lè tàn ká. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn tẹ pẹ́dà tagbáratagbára, kí ẹ máa wo ògiri náà; bí ẹ bá rí i tó ń wú, ẹ mọ̀ pé apá kan ìrìn pẹ́dà yín ń ṣòfò síbẹ̀, irin náà á sì sán lọ́jọ́ kan. Bóòtù rẹ̀ kì í ṣe bóòtù lásán: M8 tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà ìdínà nínú.

Ọ̀pá tó ti inú ọkọ̀ wá gbọ́dọ̀ wọ búsítà ní tààrà. Bí ó bá wọ̀ ọ́ ní ìdábùú, á máa ti fáàfù inú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, síìlì rẹ̀ á sì jẹ. Ibi tí pẹpẹ bá ti gbé búsítà sókè tàbí sílẹ̀ ju ìlà pẹ́dà lọ, ìdáhùn tó tọ́ ni kí ẹ yí ìdúró pẹpẹ padà. Ẹ má tẹ ọ̀pá. Bí ẹ bá ní láti fi irin gùn ọ̀pá náà, kí wẹ́dà tó mọṣẹ́ ṣe é, tàbí kí ẹ lo ìsopọ̀ olókùn tó ní nọ́ọ̀tì ìdínà. Ojú tí mo fi ń wo ọ̀pá yìí le, nítorí òun nìkan ló wà láàrin ẹsẹ̀ yín àti bíréèkì.

Mo gbọ́ pé ọ̀pá iwájú búsítà ló ṣòro jù. Kí ló dé?

Òótọ́ ni. Ọ̀pá yìí ló ń ti písítìnnì másítà. Àlàfo tó wà láàrin orí rẹ̀ àti písítìnnì, nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí pẹ́dà, sábà máa ń wà láàrin ìdajì mìlímítà sí mìlímítà kan. Iye tó bá wà nínú ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe búsítà ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Bí ọ̀pá bá gùn jù, ó máa ń di písítìnnì mú síwájú díẹ̀ nígbà gbogbo. Ihò kékeré tí ọ́ìlì ń gbà padà sínú agolo á dí. Ọkọ̀ á dára fún kìlómítà díẹ̀, bíréèkì á gbóná, ọ́ìlì á wú, kò ní rí ibi gbà padà, bíréèkì á tẹ ara rẹ̀, á gbóná sí i, títí táyà á fi há lójú ọ̀nà. Bí ó bá kúrú jù, pẹ́dà á rìn jìnnà kó tó mú ohunkóhun.

Láti wọ̀n ọ́n, ẹ lo géèjì ìjìn. Ẹ wọ̀n bí ihò písítìnnì ṣe jìn tó sí ojú ibi tí másítà ti fara kan búsítà, kí ẹ tún wọ̀n bí ọ̀pá ṣe yọ tó kúrò lójú búsítà, kí ẹ sì fi wọ́n wéra. Búsítà mìíràn wà tí ilé iṣẹ́ ní kí fákúùmù wà nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n, nítorí fákúùmù máa ń fa ojú agolo náà wọlé díẹ̀. Ẹni tí kò ní géèjì lè fi amọ̀ ìṣeré ọmọdé tó rọ̀ lé orí ọ̀pá, kó de másítà mọ́ ọn láìtẹ pẹ́dà, kó tú u, kó sì wọ̀n bí amọ̀ náà ṣe nípọn tó.

Ṣé mo lè fa ọ̀pá yẹn jáde láti tún un ṣe?

Ẹ ṣọ́ra gan-an. Lẹ́yìn ọ̀pá náà, nínú búsítà, rọ́bà róbótó kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín mọ bí bíréèkì ṣe ń mú tó. Nínú búsítà púpọ̀, bí ẹ bá fa ọ̀pá jáde, rọ́bà yìí lè bọ́ sínú agolo. Bí ẹ bá dá ọ̀pá padà láìsí i, ìrìn pẹ́dà á yí padà, bíréèkì á sì máa já lu ọkọ̀ lójijì láìsí ìwọ̀n. Bí búsítà àlòkù bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ dè é, ibi àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ wò nìyẹn.

Irú họ́ọ̀sì wo ni, ibo ni mo sì máa so ó mọ́?

Họ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún fákúùmù bíréèkì ni, tó ní okùn nínú ara rẹ̀. Họ́ọ̀sì lásán á fún pọ̀ nígbà tó bá gbóná, fákúùmù kò sì ní rí ọ̀nà kọjá. Ẹ so ó mọ́ ara ìwọlé ẹ́ńjìnnì tààrà, lẹ́yìn pẹpẹ kabúrétọ̀, níbi tí fákúùmù wà nígbà gbogbo. Ihò kékeré tó wà lókè pẹpẹ kabúrétọ̀, tó wà fún dísítíríbútọ̀, kò ní fákúùmù lórí ìdúró.

Fáàfù ọ̀nà kan gbọ́dọ̀ wà láàrin, kí ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde láti búsítà sí ẹ́ńjìnnì, kó má sì jẹ́ kó padà. Òun ló ń pa fákúùmù mọ́ fún ìtẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Ẹ fi ẹnu fẹ́ ẹ kí ẹ tó dè é: apá kan á gbà, apá kejì kò gbọdọ̀ gbà rárá. Bí ẹ́ńjìnnì bá ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì tagbáratagbára), fáàfù yìí ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò sí àyè kankan níwájú ògiri irin mi. Ṣé ọ̀nà mìíràn wà?

Ó wà. Ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀ ní ayé àtijọ́ lo búsítà tó ń gbé lọ́tọ̀: másítà wà níbi tó wà, páìpù rẹ̀ á lọ sínú búsítà tó wà ní ìgun kan nínú yàrá ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì tó ti lágbára á jáde níbẹ̀ lọ sẹ́sẹ̀ táyà. Pẹ́dà àti ògiri kò yí padà rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ fún ọkọ̀ tí ẹni tó ni ín fẹ́ kí ó wà bí wọ́n ṣe bí i. Àléébù rẹ̀ ni pé búsítà kan ń bọ́ ìlà kan ṣoṣo. Ọkọ̀ onílà méjì á nílò méjì, tàbí kí ẹ fi sí ìlà iwájú nìkan lẹ́yìn tí ẹ bá ti rò ó dáadáa. Ẹ tún gbọ́dọ̀ dè é ní ìdagẹ̀rẹ̀ tí ìwé rẹ̀ sọ, kí afẹ́fẹ́ lè jáde.

Èyí tó ń lo ọ́ìlì pọ́ọ̀mpù sítíárìn náà wà. Bendix gbé Hydro-Boost jáde nínú àwọn ọdún 1970, Ford Mustang GT ti ọdún 1996 ní in. Kò tóbi, kò sì nílò fákúùmù, àmọ́ ọkọ̀ yín gbọ́dọ̀ ní pọ́ọ̀mpù sítíárìn tó lágbára. Búsítà oníná bíi iBooster ti Bosch náà ti ń wọ ọkọ̀ àtijọ́. Wáyà àti fíùsì rẹ̀ ni kí ẹ fi lé ẹni tó mọ iná ọkọ̀ lọ́wọ́.

Ṣé búsítà àlòkù dára?

Ó lè dára, bí ẹ bá dán an wò. Ẹ fi pọ́ọ̀mpù ọwọ́ fa fákúùmù sínú rẹ̀ tó bíi 20 íǹṣì mákúrì, kí ẹ sì wò ó bóyá géèjì ń wálẹ̀. Ẹ yẹ iwájú rẹ̀ wò níbi tí másítà ti jókòó: bí ọ̀dà ibẹ̀ bá ti ṣí tàbí tó rin, ọ́ìlì ti ń jò wọnú rẹ̀, dáyáfíràmù sì lè ti rà. Bí owó bá wà, ẹ rà tuntun tàbí èyí tí ẹni tó mọṣẹ́ tún ṣe. Ẹ má tú agolo náà fúnra yín. Sípíríǹgì inú rẹ̀ lágbára, ó lè ṣeni léṣe.

Ọ́ìlì wo ni, báwo ni mo sì ṣe máa yọ afẹ́fẹ́?

Èyí tó wà lórí ideri másítà. DOT 3, DOT 4 àti DOT 5.1 jọ jẹ́ irú kan náà. DOT 5 jẹ́ sílíkóònù, kò gbọdọ̀ pò mọ́ wọn. Ọ́ìlì mínírà, bíi LHM ti Citroën, tún yàtọ̀ pátápátá, á ba rọ́bà bíréèkì yòókù jẹ́. Ẹ yọ afẹ́fẹ́ inú másítà lórí tábìlì kí ẹ tó dè é mọ́ búsítà. Bí búsítà bá gbé imú másítà sókè nínú ọkọ̀, afẹ́fẹ́ á há síbẹ̀, ẹ ó sì máa yọ afẹ́fẹ́ títí láìrí ojútùú. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè kí imú náà lè wálẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti dára kí n tó gbé e jáde?

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ pẹ́dà léraléra títí á fi le. Ẹ di ẹsẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ tan ẹ́ńjìnnì: pẹ́dà gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ tún di pẹ́dà mú pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ pa á, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Pẹ́dà kò gbọdọ̀ ti ẹsẹ̀ yín padà. Bí ẹ bá ń gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń dún ṣìì láìdúró nígbà tí ẹsẹ̀ wà lórí pẹ́dà, dáyáfíràmù tàbí fáàfù ń jò.

Ẹ gbé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ tú u sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ yí táyà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ yí lọ́gán. Ẹ wo iná bíréèkì ẹ̀yìn pẹ̀lú, nítorí ìrìn pẹ́dà ti yí padà, ibi tí ìtanná rẹ̀ wà lè má bá a mu mọ́.

Lẹ́yìn náà, ní ibi gbalasa tí kò sí ọkọ̀ mìíràn, ẹ rọra sáré díẹ̀, kí ẹ sì dúró. Bí táyà ẹ̀yìn bá há ṣáájú ti iwájú, ẹ má wa ọkọ̀ náà lọ síbì kankan títí ẹ ó fi fi fáàfù ìpín agbára sí ìlà ẹ̀yìn, kí ẹ sì dín in kù. Ẹ̀yìn tó há kọ́kọ́ ló ń mú kí ọkọ̀ yí bìrí. Ẹ pa fákúùmù run lórí ìdúró, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n ti ọkọ̀ náà ní pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì dá a dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ nìkan. Kí gbogbo ẹni tó máa ń wà á ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára tó tiyín.

Èéfín funfun ń jáde, ọ́ìlì bíréèkì sì ń dín kù láìjò sílẹ̀. Níbo ló ń lọ?

Síìlì ẹ̀yìn másítà ti jẹ. Ọ́ìlì ń wọnú búsítà, ẹ́ńjìnnì sì ń fà á mu gba họ́ọ̀sì fákúùmù. Ẹ pààrọ̀ másítà, ẹ sì wo búsítà dáadáa kí ẹ tó gbà á padà.

Ṣé òfin gbà á?

Ó yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ibòmíràn ní kí ẹnjiníà fọwọ́ sí i kí ọkọ̀ tó padà sójú ọ̀nà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò kí ẹ tó gé irin, kí ẹ sì sọ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò yín.

Nígbà wo ni mo tún gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí mo bá ti ń wà á?

Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, ẹ fọwọ́ súnmọ́ ẹsẹ̀ táyà kọ̀ọ̀kan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí tó gbóná ju ìkejì rẹ̀ lọ ní apá kejì ń fara nu, ẹ padà sórí àlàfo ọ̀pá iwájú yẹn. Ẹ fi sípánà kan gbogbo bóòtù pẹpẹ náà, ẹ fi bébà funfun nu ojú ìsopọ̀ páìpù kọ̀ọ̀kan bóyá ọ́ìlì á hàn, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí ọ́ìlì wà lára agolo másítà. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sì wo àmì yẹn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí ideri ẹ́ńjìnnì.